Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ Kọ́kọ́ Wọn Ìyá Yín

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀, ẹ sì kú ìmúra Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ẹlòmíì nínú yín máa dúró di ìrọ̀lẹ́ Sátidé kó tó sáré wọ ọjà Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Á gbé páálí mílíìkì kan, á fi bisikíìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lé e, á ní kí wọ́n bá òun fi ọ̀rá wé e dáadáa. Màmá á gbà á, wọ́n á sì ṣàdúrà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ń bá wọn jà, ohun tí dókítà ní kí wọ́n sá fún lọmọ wọn fi ọ̀rá wé wá bá wọn yẹn.

Nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 2, ẹsẹ 19, a rí Hánà tó ń dá ẹ̀wù kékeré fún Sámúẹ́lì lọ́dọọdún, tó ń gbé e lọ fún un ní Ṣílò. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí "lọ́dọọdún" yìí. Ọmọ ò sí nílé, ó sì ń dàgbà. Ẹ̀wù èṣí ò lè gbà á mọ́. Ìyá tó fẹ́ kí ẹ̀wù bá ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn mu gbọ́dọ̀ fojú wọ̀n ọ́n dáadáa kó tó padà sílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn ìyá wa ṣe fún wa. Wọ́n mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ wa kí àwa tó mọ orúkọ ara wa. Nísinsìnyí, Ajah àti Lẹ́kí lọ̀pọ̀ wa ń gbé, àwọn kan wà lókè òkun, a kì í sì í tètè rí wọn. Ara wọn náà ń yí padà lọ́dọọdún bíi ti ọmọdé: ẹ̀yìn ń tẹ̀, apá ń le, ẹsẹ̀ ń wú, ojú ń ṣe bàìbàì. Ohun tó bá wọn mu léṣìí lè má bá wọn mu mọ́. Ó ti kàn wá báyìí láti wọ̀n wọ́n.

Ìbéèrè nìkan ò tó fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá bi màmá pé kí ni wọ́n fẹ́, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ: "Ọmọ mi, mi ò fẹ́ nǹkan kan o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa wà." Òótọ́ inú wọn ni, ṣùgbọ́n kò lè ran télọ̀ tàbí káfíńtà lọ́wọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ jókòó láti òwúrọ̀ títí wọ́n á fi jẹun ọ̀sán, kẹ́ ẹ máa wo ilé. Ẹ wo ara ògiri láàárín yàrá wọn àti ilé ìwẹ̀. Ẹ máa rí ibì kan tí ọ̀dà ti dúdú, tó ń dán, ní ìwọ̀n ìgbáròkó. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ló ṣe é. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ tì lóru kí wọ́n má baà ṣubú, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì: bàtà tí ẹ rà léṣìí ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Ẹ bi wọ́n jẹ́jẹ́ ìdí tí wọn ò fi wọ̀ ọ́. Ẹ wo ìkòkò tí wọn ò gbé sọ̀ mọ́ nítorí pé ó wúwo. Ẹni tó bá wo nǹkan mẹ́ta yìí ti mọ ohun tó máa rà kó tó kúrò nílé.

Ibi tí ògiri dúdú yẹn ni mo máa kọ́kọ́ náwó sí bó bá jẹ́ èmi. Ọ̀pá ìdìmú kan lára ògiri ilé ìwẹ̀, òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ń ṣe ju odindi páálí mílíìkì lọ. Ẹ lo páìpù irin tí kì í dípẹtà, tó nípọn tó íǹṣì kan àbọ̀, kí àlàfo àárín rẹ̀ àti ògiri náà jẹ́ íǹṣì kan àbọ̀ kí ìka lè wọlé, kí apá má sì há. Ẹ jẹ́ kí màmá fúnra wọn dúró kí wọ́n fi ọwọ́ júwe ibi tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kẹ́ ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ rèé: ihò wà nínú búlọ́ọ̀kù tí a fi kọ́lé. Bí bíríkìlà bá kan ìṣó mọ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ara ògiri àti táìlì nìkan, lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá yọ̀, tí wọ́n bá fi gbogbo ara dì í mú, á já, wọ́n á sì ṣubú ju bí wọn ì bá ti ṣubú lọ, torí wọ́n ti gbẹ́kẹ̀ lé e. Kí ó gbẹ́ ibẹ̀, kí ó fi kọnkéré di ihò búlọ́ọ̀kù, kí ó ri bóòtù gígùn mọ́ ọn, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 kí ó gan. Lẹ́yìn náà, kí bíríkìlà fúnra rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lójú yín. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà tó ń fi rọ́bà lẹ̀ mọ́ táìlì, ẹ má rà á fún arúgbó. Tó bá ti tutù, á yọ.

Kí iná sì wà lójú ọ̀nà yẹn. Iná sólà kékeré tó ń tàn fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá kọjá dára, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó ń bá wọn gbé kó máa nu eruku ojú páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀, nítorí tí eruku bá bò ó, bátìrì ò ní kún, kò sì ní pẹ́ kú.

Ní ti bàtà, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ wọn ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ àgbà máa ń wú bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bàtà tó bá wọ̀ láàárọ̀ á máa fún wọn ní alẹ́. Ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀, kí wọ́n dìde dúró lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ na báírò sókè gangan kẹ́ ẹ fi yí ẹsẹ̀ méjèèjì po. Ẹ lo èyí tó gùn jù, kẹ́ ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1 kún un. Ẹ gé bébà náà, ẹ gbé e lọ sí ìsọ̀ alábàtà, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sínú bàtà. Bí etí bébà bá ká sókè, bàtà náà ti kéré. Kí ó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀. Sìlípáàsì tí kò lókùn lẹ́yìn ń jẹ́ kí wọ́n máa fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ dì í mú, wọ́n á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn ló sì ń gbé wọn ṣubú lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ má ra èyí tó ń kọjá láàárín ọmọ-ìka. Ó lè dá egbò síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n lára, egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kì í sì í tètè jinná.

Aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ìwọ̀n ọdún márùn-ún sẹ́yìn fún télọ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn bá tẹ̀, aṣọ á máa gùn wálẹ̀ níwájú, á sì máa ká sókè lẹ́yìn. Èyí tó gùn níwájú yẹn ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn wa. Kí télọ̀ wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: láti ọrùn lẹ́yìn dé ibi tí aṣọ máa parí sí, àti láti èjìká níwájú dé ibẹ̀, kí ó gé iwájú kúrú. Bí apá wọn ò bá lọ sókè mọ́, kí bùbá náà là níwájú, kó ní bọ́tìnì ńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ̀. Ẹ wá òwú gidi. Léèsì tó ń ta ara kò yẹ awọ arúgbó, gèlè aṣọ òkè tó wúwo á sì dá ọrùn wọn lágara kí ìwàásù tó parí. Tí ó bá jẹ́ ìró, kí télọ̀ rán okùn gbọọrọ mọ́ igun rẹ̀ kí wọ́n lè so ó mọ́ ìdí, dípò kí wọ́n máa tún un ró ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀pọ̀ yín ń béèrè ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ẹ̀bùn tó dára gan-an sì ni, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n rà. Èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá òkè ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ẹ fi téèpù wọn apá màmá ní àárín méjì èjìká àti ìgúnpá. Wọ́n kọ ìwọ̀n sí ara páálí. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Bí apá wọn bá ju 32 lọ, ẹ béèrè èyí tó tóbi, torí aṣọ ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń wé mọ́ apá, bó bá há, máa ń mú kí òǹkà ga ju bó ṣe wà lọ, èyí tó tóbi jù á sì fà á wálẹ̀. Kí wọ́n tọ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ láìkọ́ra, kí apá wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n àyà. Kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló ṣòro jù nílé tí ọmọ-ọmọ bá wà! Kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí wọ́n kọ méjèèjì sínú ìwé kékeré tí wọ́n máa mú lọ sí ọsibítù ìjọba. Bí òǹkà òkè bá ń dé 135 tàbí tí ìsàlẹ̀ ń dé 85 léraléra, kí dókítà rí ìwé náà. Bó bá dé 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, tí orí sì ń fọ́ wọn burúkú, tí àyà ń dùn wọ́n, tàbí tí apá kan ara wọn ń kú, ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn làkúrègbé tí ẹnì kan júwe fún yín ṣe ẹ̀bùn. Ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń tà káàkiri lè mú ẹ̀jẹ̀ ga sí i, wọ́n lè dá egbò sínú, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára, pàápàá fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Oúnjẹ kò le. Ẹ lọ sí ọjà Olúwo láàárọ̀, kẹ́ ẹ ra àrọ̀ tútù, tí egungun wẹ́wẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ẹpìyà, kí ẹlẹ́ja bá yín tú inú rẹ̀ kó sì gé e. Nílé, ẹ di í ní ọ̀rá kéékèèké, ìwọ̀n ìsebẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀rá kan, kí ó má baà di pé wọ́n ń yọ́ odindi, wọ́n tún ń dá ìyókù padà sínú fìríìjì tí iná ń ṣe ségesège. Ẹ má kó iyọ̀ àti màgí jọ fún wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Bí wọ́n bá fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́, ẹ bá wọn rin ewùrà náà. Ọwọ́ tí oríkèé rẹ̀ ti le ò lè rin ín mọ́, ọ̀pọ̀ ìyá nílùú yìí ò sì jẹ ẹ́ mọ́ nítorí ìdí yẹn nìkan.

Àwọn kan fẹ́ ra Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e dání kẹ́ ẹ tó sanwó, torí bí lẹ́tà bá ti ń tóbi ni ìwé ń wúwo, èyí tó tóbi jù lè kọjá agbára ọwọ́ wọn. Káfíńtà lè kan àga ìwé kékeré tó máa gbé e dúró lórí tábìlì. Ẹ ṣọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó jáde lódidi ní 1884, lọ̀pọ̀ wọn mọ̀ sórí. Bí ojú wọn ò bá ka gbogbo ẹ̀ tán, ọkàn wọn á parí ẹsẹ náà. Ìtumọ̀ tuntun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹ má sì ra awò ojú lẹ́bàá títì kí dókítà ojú tó yẹ̀ wọ́n wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá: "Mo ra aṣọ fún màmá, wọ́n ti fún ẹlòmíì." Ẹ má bínú sí wọn. Ìyá tó ti ń fúnni ní nǹkan láti ọjọ́ pípẹ́ ò lè dédé di ẹni tó ń tẹ́wọ́ nìkan, inú wọn á máa bàjẹ́. Bí agbára bá wà, ẹ ra méjì, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fún. Bí ó bá jẹ́ owó, ẹ pín in sí méjì: ti ìnáwó ilé, àti owó wẹ́wẹ́ ti igba náírà àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, tí wọ́n á máa fún ọmọ-ọmọ, tí wọ́n á máa fi sínú àpótí ọrẹ. Ẹ má béèrè ìṣirò apá kejì yẹn lọ́wọ́ wọn láé.

Ọ̀sẹ̀ yìí la máa wo ilé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa wọn apá, ẹsẹ̀ àti aṣọ, kí télọ̀ lè ráyè. Bíríkìlà gbọ́dọ̀ ti ṣe tiẹ̀ tán ní ọjọ́ 7 ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá ní téèpù, méjì wà lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ yá a lẹ́yìn ìsìn òní, kẹ́ ẹ sì dá a padà kó tó di Ọjọ́rú, nítorí wọ́n ní aṣọ láti gé.