Owó ìtanràn rìbá: ìpín tiwa dà?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní 2025, SFO, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì ńlá àti rìbá ní Ìlú Ọba, kéde pé ilé-iṣẹ́ tó bá tètè fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ rìbá, tó sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wọn, lè san ìtanràn kó sì bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́. Mo fara mọ́ ọn, nítorí inú yàrá kọ́lọ́fín ni wọ́n ti ń san rìbá, ó sì ṣòro láti mọ̀ bí ẹnìkan kò bá jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Glencore, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò epo rọ̀bì àti ohun àlùmọ́ọ́nì. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ kan ní London gba owó tó lé ní 270 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí rìbá tó san ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Nàìjíríà ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu òun lórí owó gbà-má-bínú, adájọ́ kọ̀. Epo wa mà ni! Kí ìjẹ́wọ́ má ṣe tó láìsan ẹ̀tọ́ àwọn tí rìbá náà jà lólè.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn