Ẹ Gbé Onílù Wá Síwájú Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ṣùgbọ́n èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí n ó mú gègé láti kọ̀wé sí yín. Ohun tí ó fà á ni òde orin kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní agbègbè wa níbí ṣe láìpẹ́ yìí, tí ọmọ mi obìnrin bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, n kò sì ní dárúkọ olórin tí wọ́n pè, nítorí pé ohun tí mo rí níbẹ̀ ti di àṣà káàkiri. Àwọn ọmọ náà dáwó, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dúró láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí aago mọ́kànlá fi lù. Nígbà tí olórin náà dé, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká dání ni. Wọ́n tan orin tí ó ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ti inú sípíkà jáde, òun náà sì ń pariwo lé ohùn ara rẹ̀ lórí; nígbà tí ó bá gbé gbohùngbohùn kúrò lẹ́nu láti nu òógùn ojú, orin náà kò dáwọ́ dúró. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó fi wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ní, “Dádì, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?” N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ìdáhùn náà gùn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọmọ Àyàn ni mí, Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì bí mi sí. Ìyáàlù ni bàbá mi ń lù. Ó ń lù ú ní òde ìgbéyàwó, ní òde òkú àgbà, àti ní ààfin nígbà tí ó bá kàn án. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó ti fi gúdúgúdú kọ́ mi lọ́rùn, tí ó fi bílálà méjì lé mi lọ́wọ́. Ní 1997, mo wọ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Ohun tí ó ń dùn mí títí di òní ni pé n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe. Bí ayẹyẹ bá wà nílé-ẹ̀kọ́, àwọn onílù a dúró lẹ́nu géètì, wọn a máa ki àwọn àlejò, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a sì máa sọ pé, “Ẹ wo àwọn alágbe.” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan. Orúkọ tí wọ́n sọ mí bẹ̀rẹ̀ láti orí Àyàn, mo sì gé Àyàn kúrò, mo fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn láti máa pè mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá ní Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítòsí LAUTECH, ọmọ Ìbàdàn ni, kò fẹ́ràn ohun mìíràn ju orin rọ́ọ̀kì àwọn òyìnbó lọ, èyí tí gìtá a máa ké bí ẹni tí ń fi ayùn rẹ́ irin. Òun ni ó mú kásẹ́ẹ̀tì Lágbájá wọ yàrá wa, ó ní òun rí ọmọ Yorùbá kan tí ariwo tirẹ̀ kò kéré sí ti àwọn òyìnbó náà. A fi bátìrì tẹ̀ ẹ́ títí okùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tó tiwa lè má mọ̀ pé 1991 ni Lágbájá kọ́kọ́ kó ẹgbẹ́ olórin jọ ní Èkó, pé 1993 ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, àti pé ní 1997 ni ó ṣí ibi eré tirẹ̀, Motherlan’, ní Ìkẹjà. Ó pe irú orin rẹ̀ ní Africano. Nígbà tí ó di 2000, tí ó gbé àwo Abami jáde ní ìrántí Fela, tí ó kú ní 1997, àwa mẹ́rin nínú yàrá náà pinnu pé kásẹ́ẹ̀tì kò tó wa mọ́. A fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì pamọ́, a wọ ọkọ̀ ní Tákìé, nínú Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ó di Èkó. Nígbà tí ọkọ̀ ń gba inú Ọ̀yọ́ kọjá, mo dorí kodò bí ẹni tí ń wá nǹkan lábẹ́ ìjókòó, kí ẹni tí ó mọ̀ mí má baà rí mi.

Motherlan’ kò rí bí gbọ̀ngàn tí mo ti fọkàn yà. Ìta gbangba ni, wọ́n ṣe é bí ojú ọjà ìlú wa níbi tí àwọn èèyàn máa ń pé jọ sí lábẹ́ òṣùpá, òkè kan sì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ máa wòran láti ọ̀ọ́kán. Òru ti jìn kí ìlù tó dún. Ògìdo ni ó kọ́kọ́ wọlé, ìlù ńlá tí ó jẹ́ ìran gbẹ̀du. Àyà ni èèyàn fi ń gbọ́ tirẹ̀ kí etí tó gbọ́. Onísákárà tẹ̀lé e, àwọn onibàtá dé, omele ń ta ṣáṣá, ìyá ìlù bàtá sì ń sán bí ààrá. Nígbà tí àwọn onídùndún jáde, mo fi ìka kà wọ́n, márùn-ún ni wọ́n. Ohun tí mo ti mọ̀ ní òde àríyá ni kí wọ́n kó onílù sẹ́yìn onígìtá, tàbí kí wọ́n rọ́ wọn sí igun kan lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀. Ní ọjọ́ yẹn, iwájú ni wọ́n dúró sí, wọ́n tò bí onílé tí ń gba àlejò, àwọn ohun èlò òyìnbó sì wà lẹ́yìn wọn. Kí Lágbájá fúnra rẹ̀ tó jáde, tòun ti aṣọ tí ó bo ojú àti fèrè saxophone lọ́rùn, omi ti lé ròrò sí mi lójú, mo sì dúpẹ́ pé ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹni tí ó bo ojú kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í ṣe ti ará ọ̀run. Lágbájá, Tàmẹ̀dù, Làkáṣègbè: ẹni tí a kò dárúkọ ni, mẹ̀kúnnù tí ìlú kò mọ ojú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ń bèèrè ohùn rẹ̀.

Ní àárín orin kan, gbogbo ohun èlò dákẹ́, ó ku oníyàálù kan ṣoṣo. Àgbàlagbà ni. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó fún ọṣán mọ́ ìhà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa. Ó kí ẹni tí ó wà ní ìjókòó, ó kí ẹni tí ó wà ní ìnàró, ó ní ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, ó kú ewu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi, tí ó mọ orúkọ gbogbo onígìtá òyìnbó lórí, kò gbọ́ ju pé ó dùn létí lọ. Mo tẹnu bọ̀ ọ́ létí, mo sọ ohun tí ìlù wí fún un. Ọmọbìnrin kan níwájú wa gbọ́, ó yíjú padà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló tún ń sọ báyìí?” Mo sọ fún òun náà. Ẹlòmíràn tún bèèrè. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí léèrè ohun tí bàbá mi fi kọ́ mi rí, àfi ní òru ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni saxophone dá oníyàálù lóhùn: ibi tí ìlù gbé ohùn sókè, fèrè gbé e sókè, ibi tí ìlù rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, fèrè bá a rẹ̀ ẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ lọ, wọ́n ń sọ ọ́ bọ̀, títí ògìdo fi já lu wọ́n tí gbogbo wa sì fò sókè.

Nígbà tí a ń padà lọ, n kò bá àwọn yòókù dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sọ̀ ní Ọ̀yọ́. Mo bá bàbá mi lábẹ́ igi ní ojúde, ó ti rẹ awọ ewúrẹ́ sínú omi, ó ń ràn án mọ́ ẹ̀gi ìlù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, kò sì gbé ojú kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Níbo ni àwọn onílù dúró sí?”

Mo ní, “Iwájú ni, Bàámi.”

Ó fa ọṣán kan, ó fi ìka ta awọ náà wò. “Ṣé wọ́n ń gbọ́ ara wọn?”

Mo ní wọ́n ń gbọ́ ara wọn dáadáa. Ó ní, “Ibẹ̀ ló ṣòro.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún fa ọṣán mìíràn. Nígbà tí mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́, mo kọ orúkọ mi ní kíkún, tòun ti Àyàn, sí ẹ̀yìn gbogbo ìwé tí mo ní.

Olóòtú wa, mo mọ èsì tí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò fún mi, ọ̀rọ̀ owó ni. Ẹgbẹ́ olórin tí ó ní èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń fẹ́ bọ́ọ̀sì, oúnjẹ, ibi ìsùn, àti jẹnẹrétọ̀ tí kì í kú láàárín eré. Ẹni tí ó gbé orin wá sínú kọ̀ǹpútà kò fẹ́ ju ìjókòó méjì nínú ọkọ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń kó fún ẹni kan ṣoṣo yẹn nítorí pé orúkọ rẹ̀ ń dún lórí rédíò kò kéré, bí wọ́n bá sì yọ ìdajì rẹ̀, yóò tó láti kó ẹgbẹ́ olórin gidi jọ ní àdúgbò wa níbí. Àwọn onídùndún àti onibàtá kún Ọ̀yọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ gìtá, kàkàkí òyìnbó àti dùùrù pọ̀ nínú àwọn ìjọ, ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1898 kò sì lè ṣàìní ẹni tí ó mọ orin. Ohun tí ó kù ni kí a mú àwọn méjèèjì pàdé. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìlù wa kò bá ohun èlò òyìnbó mu, tàbí pé ayé kò ní gbọ́ ọ, nítorí pé gángan àti gìtá ni King Sunny Adé jọ gbé lọ sí òkè òkun, àwo Synchro System tí ó ṣe ní 1983 sì wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ìdíje Grammy.

Ìbéèrè tí bàbá mi bi mí ní ojúde ni kí wọ́n fi sọ́kàn bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Wọ́n a gbé gbohùngbohùn kan ṣoṣo sí iwájú gbogbo àwọn onídùndún, gúdúgúdú tí ohùn rẹ̀ mú yóò bo ìyáàlù mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ yóò sì sọnù, àwọn òǹwòran á wá sọ pé ariwo lásán ni ìlù. Kí wọ́n fún ìyáàlù ní gbohùngbohùn tirẹ̀, ní ìhà ojú tí kọ̀ǹgọ́ ń bà. Kí sípíkà kékeré kan dojú kọ àwọn onílù fúnra wọn. Kí ẹni tí ń bójú tó ẹ̀rọ dé ní ọ̀sán, nígbà tí pápá ṣì ṣófo, kí ó jẹ́ kí wọ́n lu orin méjì tàbí mẹ́ta kí ó fi tún ohùn ṣe, kì í ṣe nígbà tí èrò ti kún tán tí gbogbo ènìyàn sì ń pariwo pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Bí aṣáájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ka lẹ́tà yìí, yálà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀yọ́ níbí, agbo ilé àwa Àyàn kò fara sin. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ojú ọ̀nà ààfin. Kí ó wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, nítorí pé bí ó bá di òpin ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn ti gba òde lọ. Bàbá mi ti di ẹni ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìyáàlù rẹ̀ ṣì ń dún, àbúrò mi ni ó ń lù ú. Ọmọ mi obìnrin náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn ti gba ìsinmi. Gúdúgúdú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Àyàn kan,
Ọ̀yọ́.