Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ dá rìnrìn àjò lọ sí Àjàṣẹ́

Àdùnní, àbúrò mi,

Mo gbọ́ pé o fẹ́ dá lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin. Inú mi dùn sí i gan-an. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé wọ́n ní o ń sọ pé ẹ̀yìnkùlé wa náà ni. Kò jìnnà lóòótọ́, a sì ní ẹbí níbẹ̀, àmọ́ bí ibẹ̀ ṣe jọ ilé ló ń jẹ́ kí èèyàn gbàgbé pé àlejò ni òun.

Ọmọ ECOWAS ni ọ́, o ò nílò físà fún 90 ọjọ́. Pásípọ́ọ̀tù àti káàdì yẹ́lò ni kí o tọ́jú. Gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán, ní ọjọ́ 10 kí o tó gbéra, torí káàdì náà kò tíì wúlò kí ọjọ́ 10 tó pé.

Ní Sẹ̀mẹ̀, ibodè tí wọ́n ń gbà wọlé, dẹ́rẹ́bà lè ní kí o jókòó, pé àwọn á bá ọ yanjú ẹ̀. Má gbà. Sọ̀kalẹ̀, gba òǹtẹ̀ ìjáde lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n Nàìjíríà, kí o wá gba ti ìwọlé lọ́dọ̀ àwọn ará Benin. Yẹ ọjọ́ inú rẹ̀ wò kí o tó kúrò níwájú wọn. Ẹni tí kò gba òǹtẹ̀ ìwọlé, ìgbà tó bá ń padà bọ̀ ni wàhálà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tó wọlé.

Tí o bá fẹ́ ṣẹ́ owó, gba sẹfà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, kí o kà á tán kí náírà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bí ẹni náà bá gbà á padà pé òun fẹ́ tún un kà, ìwọ náà tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀; inú àtúnkà yẹn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Béèrè fún owó wẹ́wẹ́, 500 àti 1,000, torí ọlọ́kadà kì í ní ṣéńjì 10,000. Sẹfà ti Kamẹrúùnù náà wà, wọn kì í ná an níbẹ̀.

Zem ni wọ́n ń pe ọ̀kadà. Ní Kútọnu, àwọn tó ń gùn ún máa ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò tó ní nọ́ńbà. Ná an tán kí o tó gùn ún. Nọ́ńbà ilé kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà tàbí ilé ìtajà oògùn tó wà nítòsí ni kí o dárúkọ.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ìkíni. Tí o bá dé ilé àwọn Fọ̀n tàbí Ògù, wọ́n á fún ọ ní ìjókòó, wọ́n á sì gbé omi wá. Fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Bí ẹ̀rù omi bá tiẹ̀ ń bà ọ́, fẹnu kàn án, kí o dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kíra yín dáadáa, wọ́n á sì bi ọ́ léèrè ohun tí o bá wá. Má ṣe sọ ọ́ ṣáájú omi. Lọ́jà, kí o sọ "bonjour" kí o tó béèrè iye ohunkóhun, kí o sì ti mọ owó kà lédè Faransé, torí bí wọ́n tilẹ̀ ń bá ọ sọ Yorùbá, Faransé ni wọ́n sábà máa ń fi dárúkọ iye owó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbọ́ Yorùbá ní Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn Ògù ní èdè tiwọn. Kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n gbọ́ ọ. Tí o bá pàdé Zangbeto, eégún àwọn Ògù, irú èyí tí àwọn ará Àgbádárìgì náà ní, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ráfíà ló bò ó látòkè délẹ̀, ó sì máa ń yí bíríbírí. Má fọwọ́ kàn án, má sì ya fọ́tò rẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé e.

Má ṣàì lọ wo mọ́sáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil darí dé kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Dúró síwájú rẹ̀ kí o gbójú sókè: ilé gogoro méjì ló wà lápá ọ̀tún àti òsì, iwájú rẹ̀ sì kún fún àwọ̀ àti ọ̀ṣọ́, bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil gẹ́lẹ́. Mùsùlùmí ló kọ́ ọ, irú ilé tí wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n sì kọ́. Fún un ní ọ̀sán kan gbáko.

Nọ́ńbà fóònù àwọn ẹbí wa tó wà nínú ìwé Màmá kò lè wọlé mọ́. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà Benin ti di oní-10: fi 01 síwájú nọ́ńbà 8 àtijọ́, lẹ́yìn 229. Pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ