Lẹ́tà ẹ̀sùn kẹrin: òrùka fááfù tó já, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ó ti sọnù

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà mi (orí ẹnjìnì), tẹ́ ẹ sì fi òrùka fááfù sínú ẹ̀, ìyẹn irin róbótó tí fááfù máa ń jókòó lé tó bá pa; òrùka kan já bọ́ lórí pístìnì, mo sì dá a padà fún yín kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò ní ka nọ́mbà risíìtì àti nọ́mbà mọ́tò sílẹ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ ti gbà á lẹ́nu mi tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, gbogbo ìgbà tí mo bá sì pè ni ẹni tó bá gbé e máa ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ríra. Ọjọ́ 5 lẹ ní ẹ máa fi yẹ tọ́ọ̀pù sílíńdà mi wò. Ó di ọ̀sẹ̀ 9 báyìí.

Kì í ṣe mọ́tò tó bàjẹ́ ló ń bí mi nínú jù mọ́. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kọ́stọ́mà kéà yín ní Tọ́sìdé tó kọjá ni. Mò ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ló gbà á mọ́ mi lẹ́nu, ó ní "Alàgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́ ni, ẹ lọ máa ra fúẹ́lì tó dáa," ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Ẹni ọdún 54 ni mí, mo ní ọmọ tó jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó pè láti bẹ̀ mí títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti fúẹ́lì ọ̀hún tẹ́ ẹ ní òun ló já òrùka náà. Mo gbà pé epo burúkú lè tú òrùka fááfù, pàápàá lára ẹnjìnì tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹnjìnì) bíi ti Subaru mi, torí tí epo bá ń gbiná kí àsìkò ẹ̀ tó tó, ooru ibẹ̀ á kọjá ohun tí tọ́ọ̀pù sílíńdà lè gbà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ kó má fi àpá sílẹ̀, ètí orí pístìnì á ti jẹ, ara tánganran púlọ́ọ̀gì náà á ti fi hàn. Mẹkáníìkì mi tú u lójú mi, pístìnì tí òrùka já lé lórí nìkan ló fọ́, àwọn 3 yòókù mọ́ tónítóní. Ẹ tún ní eré mi ló pọ̀ jù, pé mo tẹ̀ ẹ́ débi tí sípíríìnì ò lè dá fááfù padà mọ́. Kọ̀ǹpútà mọ́tò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnjìnì ń yí ìgbà 3,100 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó ṣẹlẹ̀, ní Mowe, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Eré wo ni mo sá níbẹ̀? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Ohun tẹ́ ẹ ò fẹ́ ká sọ ni ihò tí òrùka ń wọ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín gbẹ́. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe tọ́ọ̀pù sílíńdà máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin tó bá ti gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò náà kó kéré sí òrùka, tí wọ́n á gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà sínú ooru, wọ́n á fi òrùka sínú òtútù, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Tí ihò bá fi díẹ̀ báyìí tóbi jù, tàbí tí kò rí róbótó, òrùka á dì mú nígbà tó tutù, ó máa tú nígbà tó bá gbóná. Èyí tó já lọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn ẹ̀ lápá kan ń dán, apá kejì dúdú fún èéfín yí ká. Ìyẹn ni pé apá kejì ò fara kan tọ́ọ̀pù sílíńdà rárá láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fi í sí i. Ara òrùka yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ooru fááfù máa ń gbà jáde, pàápàá fááfù tó ń tú èéfín síta, tí kò bá wá rí ibi gbà ńkọ́? Tí ẹnjìnì bá ń yí ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà àádọ́ta ni fááfù ń ṣí tó ń pa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òrùka tó ń mì ò lè pẹ́ níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ 3 péré náà ló sì lò.

Ọ̀gá wọ́ṣọ́ọ̀bù yín fẹnu ara ẹ̀ ṣèlérí pé òun máa wọn ihò náà lójú mi. Mo wá láti Ìbàdàn, mo jókòó láti aago 9 àárọ̀ di aago 3 ọ̀sán, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ fún mi lómi, ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni wọ́n tó ní ọ̀gá ti rìnrìn àjò. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ní òrùka ti sọnù. Ẹ dákun, báwo ló ṣe sọnù? Mo ya fọ́tò ẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn kí n tó kó o fún yín, fọ́tò 11, wọ́n wà lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ kí ẹ dá owó iṣẹ́ padà pátá, pẹ̀lú owó pístìnì àti owó tí mo fi wọ́ mọ́tò dé ọ̀dọ̀ yín. Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti òní. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni ìwé yìí ń lọ, lábẹ́ òfin wọn ti 2018, màá sì pe ẹjọ́ ní Small Claims Court (ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré) ní Èkó. Mo ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀, mi ò halẹ̀.

Mo ń bọ̀ wá gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà mi fúnra mi ní Mọ́ńdè. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọ ihò yẹn o, ẹ má sì fi ẹ̀rọ kankan kàn án kí n tó dé.

Èmi oníbàárà yín, oní-Subaru aláwọ̀ búlúù