Ẹ Má Da Kọnkéré sí Erédò, Ẹ Má sì Fi Í Sílẹ̀ fún Àdá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, ẹnì kan kọ̀wé sí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde pé kí ìjọba da kọnkéré sí Erédò Sùngbọ́, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí wọ́n ṣe àtẹ̀gùn gbàgààdà sí i, kí wọ́n sì gbé lífìtì síbẹ̀ bíi ti àpáta Olúmọ l'Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi fèsì pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀, pé bí àwọn baba ńlá wa ṣe fi í sílẹ̀ ni kó ṣe wà. Mo ka lẹ́tà méjèèjì. Ó dá mi lójú pé kò sí èyí tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun ibẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Èmi ti gùn ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí lọ ni.

Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, Ṣágámù ni mo ti ń ta obì. Iṣẹ́ ìjókòó niṣẹ́ mi. Orí àpótí ni mo ti ń ṣa obì látàárọ̀, bí oníbàárà bá sì dé, òun ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, èmi kì í dìde. Ojúde Ọba ló gbé mi dé Ìjẹ̀bú-Òde, torí ibẹ̀ ni ọmọ mi obìnrin lọ́kọ sí. Ẹ ti rí ẹṣin, ẹ ti rí ìbọn, ẹ ti rí aṣọ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, nínú fọ́tò, n kò ní fi ìyẹn gba àyè yín. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ti ń di ẹrù mi, ọkọ ọmọ mi kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ ò lè wá sí Ìjẹ̀bú kẹ́ ẹ má rí Erédò." Mo ní mo ti rí ẹṣin, ó tó mi. Ó ní kò jìnnà. Kí n tó fèsì, àwọn ọmọ ọmọ mi ti wọ bàtà, wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá rẹ̀ bù fún mi kò tíì wálẹ̀ nínú mi, ni wọ́n bá gbé mi lọ.

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, yàrà ni Erédò. Wọ́n wa ilẹ̀ pupa sísàlẹ̀, wọ́n wá kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jọ sí etí ti inú kó lè di odi. Níbi tó bá ti jìn jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi lè tó ogún mítà, bíi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́fà. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká, gígùn rẹ̀ lé ní 160 kìlómítà, apá kan wà ní Ògùn, apá kan sì wà ní ìpínlẹ̀ Èkó lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Potogí, ti kọ nípa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé yàrà ńlá kan yí ìlú Ìjẹ̀bú ká. Ní 1999 ni ìròyìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tàn dé etí aráyé, lẹ́yìn tí Patrick Darling, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, ti rìn ín, tó ti wọ̀n ọ́n. Láti 1995 ló ti wà nínú ìwé àwọn ibi tó ń dúró kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kà wọ́n mọ́ ogún gbogbo ayé. Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa wọlé ní 1999, Ọ̀ṣun Òṣogbo wọlé ní 2005. Tiwa ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tí wọ́n mú wa lọ kò jìn tó ogún mítà rárá. Ṣùgbọ́n ó tó láti dójú ti èèyàn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Iléyá ń bọ́ sí àsìkò òjò láwọn ọdún yìí, ilẹ̀ pupa ibẹ̀ sì ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, torí igi ti pàdé lókè orí yàrà, oòrùn kì í rí àyè wọlé gbẹ ẹ́. Ara ògiri rẹ̀ dán, ewé tútù hù sí i lára, ó tutù bí ara àmù. A fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀. Èyí kò nira púpọ̀, ìtìjú nìkan ló bá a rìn. Gígun òdìkejì ni wàhálà.

Ọmọkùnrin kan ló ṣáájú wa, àdá lọ́wọ́. Bí mo ṣe dé ẹsẹ̀ odi tí mo gbójú sókè, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n wá mú mi tí wọ́n bá ń padà. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ̀mí, ibi tí mo bá gbẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ sí." Ló bá ń fi àdá gbẹ́ ihò kékeré sára odi, ihò kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, òmíràn fún ẹsẹ̀ òsì. Èmi ń fi ọwọ́ kan di gbòǹgbò mú, mo fi ìkejì di ìró mi mú, ọmọ ọmọ mi ń tì mí láti ẹ̀yìn bíi ẹni pé mo jẹ́ ọkọ̀ tí kò ṣíná. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgbà tí mo dúró láti sinmi ni mo wá wo ara odi náà dáadáa. Ihò àtijọ́ kún ibẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó wá ṣáájú wa ni wọ́n gbẹ́ wọn fún. Òjò ti wọ inú wọn, etí wọn ti já wálẹ̀, èyí tó jẹ́ ihò ẹsẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ ti di ojú àgbàrá. Gbogbo ohun tí ọmọ yẹn ń gbẹ́ fún mi ni mo rí tó ń ṣubú lulẹ̀ sínú yàrà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹni tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án nìyẹn. Wọ́n ti ń fọwọ́ kàn án, àdá ló wà lọ́wọ́ ọ̀hún. Gbogbo àlejò tó bá gun Erédò ló ń bu díẹ̀ lára rẹ̀ lọ, èmi náà ti bu tèmi. Ẹ wá fi ilé àti oko tó ń sún mọ́ ọn kún un, àti àwọn ọ̀nà tó ti gba inú rẹ̀ kọjá.

Sí ẹni tó fẹ́ kọnkéré: Olúmọ, àpáta ni. Èèyàn lè lu ìṣó mọ́ àpáta, kó kọ́lé lé e lórí, kò ní bínú. Ilẹ̀ ni Erédò. Tí wọ́n bá lẹ kọnkéré mọ́ ilẹ̀ pupa tó ń fa omi, omi yóò há sẹ́yìn kọnkéré náà, lọ́jọ́ kan ni yóò ya wálẹ̀ tòun ti odi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ní ti lífìtì, lífìtì ń fẹ́ iná mànàmáná. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà. Pé ó ṣòro gùn kì í ṣe àbùkù. Wọ́n wa yàrà náà kí ẹni tí kò yẹ kó wọlé má baà lè wọlé, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ títí dòní, èmi jẹ́rìí sí i. Ìtàn àwọn ará Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni pé Bílíkísù Sùngbọ́, opó olówó tí kò bímọ, ló pàṣẹ kí wọ́n wà á. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ni ibojì rẹ̀ wà, àwọn èèyàn sì máa ń lọ ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀. Àwọn kan ní òun ni Ọbabìnrin Ṣébà. Ọdún kò bára mu, torí Sólómọ́nì ti kú ní ohun tó lé ní 900 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù, nígbà tí Darling ka Erédò sí nǹkan bí 1,000 ọdún péré. N kò ní torí ìyẹn bá ará Òkè-Ẹ̀rí jà o. Obìnrin tó bá lè mú kí wọ́n wa irú ilẹ̀ báyìí, kí wọ́n fi orúkọ tó bá wù wọ́n kì í. Mo kàn mọ̀ pé kò rò ti eékún mi.

Tí wọ́n bá sọ gbogbo rẹ̀ di pẹrẹsẹ fún ìrọ̀rùn wa, kí la tún wá wò? Àtẹ̀gùn onípákó kan ṣoṣo ni mo ń béèrè, níbì kan ṣoṣo, kó dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀ láìfara ti odi, kó ṣeé tú tó bá jẹrà. Kí okùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwa tí eékún ń dùn. Kí wọ́n la gọ́tà kékeré sókè tí yóò darí omi òjò gba ibòmíràn. Kí bẹ́ńṣì wà lókè, ẹ jọ̀ọ́, torí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí mo débẹ̀, àánkárá ọdún mi pọ́n dòní. Kí àwọn ọmọkùnrin tó ń mú àlejò kiri máa gba owó tíkẹ́ẹ̀tì ní gbangba, kí wọ́n gbé àdá sílẹ̀. Àwọn gan-an ló mọ ibi tó ń wó.

Mi ò ní purọ́, inú mi dùn pé mo gùn ún. Inú mi ì bá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ẹnì kan ti sọ fún mi kí n wọ kánfáàsì. Láti orí odi, a kò rí ìlú kankan, igbó ni. Ṣùgbọ́n èèyàn ń rí bí yàrà náà ṣe ń bá igbó lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì tí ojú kò fi rí òpin rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wá sí Ojúde Ọba lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń wọkọ̀ padà sí Èkó láì mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà nítòsí. Ìpínlẹ̀ méjì ló ni ín, èyí sì lè jẹ́ ara ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń wo ojú èkejì. N kò dúró de ìjọba. Ẹ̀yin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo fura pé owó gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ń ná lọ́dún kan yóò ra pákó náà, yóò sì san owó káfíńtà. Olóòtú, ẹ bá mi fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé yín fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dárúkọ ara wọn síbẹ̀ kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Olóbì,
Ṣágámù.