Ìkéde Fún Ẹgbẹ́ Apẹja: Ìwọ̀ Dídẹ Létí Omi Ọbà

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú òjò o.

Omi tí wọ́n sé sí odò Ọbà ti ń gun bèbè padà. Láàárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, a ó jọ lọ dẹ ìwọ̀ níbẹ̀ kí oòrùn tó mú. Orí bèbè la ó dúró sí. Kí ẹnikẹ́ni má wọ omi, bó ti wù kó mọ̀wẹ̀ tó, torí ìgbín inú irú omi bẹ́ẹ̀ a máa gbé kòkòrò àrùn tó ń mú ni tọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ kó ekòló sínú agolo pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tútù. Ìwọ̀ kékeré ló yẹ epìyà. Tó bá jẹ́ àrọ̀ lẹ̀ ń wá, ẹ jẹ́ kí ìjẹ kan ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀.

Èyí ló jẹ wá lógún jù: àsìkò yìí lẹja ń bímọ. Inú koríko etí omi tí àgbàrá ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ni àrọ̀ ń yé sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Abo epìyà ní tiẹ̀, ẹnu ló fi ń gbé ẹyin àtọmọ. Tẹ́ ẹ bá fà á jáde tí ọ̀fun rẹ̀ wú, ẹ fi omi pa ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ rọra wo ẹnu rẹ̀. Tí ẹyin rúsúrúsú bá wà níbẹ̀, ẹ dá a padà sómi kíá.

Ẹni tó bá da oògùn sómi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa mọ́. Omi yìí náà làwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń mu.

Ẹni tí kò bá ní ọ̀pá ìwọ̀, kó sọ fún akọ̀wé kó tó di Ọjọ́bọ̀.