Aago òmùwẹ̀ ni mo rà, Àbẹ̀kẹ́

Leeds,
Ọjọ́ 16, Oṣù Kẹta, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé ara le? Àwọn ìbejì ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Má bínú pé n kò bá ọ lórí fóònù ní Ọjọ́rú. Aago kan ọ̀sán níbí ni mo pè. Mo ti yọ mẹ́fà kúrò bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ní aago méje àárọ̀ ló lù ní Houston, o ò tíì jáde nílé. Fóònù ń dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Àṣé ẹ ti ti aago yín síwájú láti Sọ́ńdè ọjọ́ 9, tiwa níbí sì di ọjọ́ 30 kó tó yí. Aago mẹ́jọ ti lù lọ́dọ̀ rẹ, o ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọdọọdún ni ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yìí máa ń dà mí láàmú. Ká ní gbogbo ayé ń ṣe bíi Nàìjíríà ni, tí aago wọn kì í yí lójò lẹ́ẹ̀rùn!

Mo ń padà bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ yẹn, torí ó kan ohun tí mo fẹ́ sọ.

O rántí pé mo ní bí mo bá fẹ̀yìn tì, aago ọwọ́ gidi kan ni màá fi owó àjọ mi rà fún ara mi. O rẹ́rìn-ín, o ní ṣé kì í ṣe ilẹ̀ ló yẹ kí n rà. Mo ti ra ilẹ̀. Ilẹ̀ kò ṣeé so mọ́ ọwọ́.

Ìwọ gan-an mọ ohun tó fà á. Láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Oríta Mẹ́fà, n'Ìbàdàn, ni wọ́n ti so aago kékeré tó dorí kodò mọ́ wa láyà, òun la fi ń ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù. Mo dé ìlú Ọba, wọ́n tún ní láti ìgúnpá dé ìka, ọwọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣófo kó lè ṣeé fọ̀ dáadáa. Mo fi pé ọgọ́ta ọdún, kò sí àmì aago lọ́wọ́ òsì mi.

Fẹ́mi ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Rolex la kọ́kọ́ wò. Mo wo owó rẹ̀, mo rọra gbé e padà. Ọmọ náà ní kí n wo Tudor, pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá: Hans Wilsdorf, ọmọ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ Rolex ní London níbí ní 1905 kó tó kó o lọ sí Geneva. Òun náà ló dá Tudor sílẹ̀, kí ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ẹ̀gbọ́n lè ra àbúrò. Owó àbúrò náà kì í ṣe kékeré o.

Méjì ló wá kù lórí tábìlì, mílímítà 39 ni fífẹ̀ àwọn méjèèjì. Black Bay Fifty-Eight ni èkíní, aago àwọn òmùwẹ̀ tó ń lọ sísàlẹ̀ omi. Èkejì ń jẹ́ orúkọ kan náà, àmọ́ wọ́n fi GMT kún tirẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń fi àsìkò ibi méjì hàn, 2024 ló jáde. Ti arìnrìn-àjò nìyẹn.

Bàbá Fẹ́mi ní ti arìnrìn-àjò ni kí n mú. Ó ní èmi tí mo ń kígbe bí omi bá ti dé orúnkún mi, kí ni mo fẹ́ fi aago òmùwẹ̀ ṣe? Ká sòótọ́, ojú mi kọ́kọ́ wà lára èyí tó sọ yẹn. Ní 1955, Rolex ṣe irú rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ òfuurufú ilé iṣẹ́ Pan Am ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fò kọjá òkun, kí wọ́n lè máa wo àsìkò ibi méjì pọ̀. Ọwọ́ kẹrin wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yí ká ní wákàtí 24. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, wà á kàn fa bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta díẹ̀, ọwọ́ wákàtí nìkan á máa fò síwájú tàbí sẹ́yìn, ìṣẹ́jú kò ní dúró. Òrùka tó yí ojú rẹ̀ ká pupa lápá kan, ó dúdú lápá kejì. Ó wù mí. Mo ti fi orúkọ rẹ pe ọwọ́ kẹrin náà nínú ọkàn mi pàápàá.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kẹrin náà kò mọ̀ pé Amẹ́ríkà ti ti aago síwájú. Èmi ni màá yí i, ìgbà tí mo bá sì gbàgbé, Houston á dà mí láàmú bó ṣe ṣe ní Ọjọ́rú. Nàìjíríà ńkọ́? Wákàtí kan ni wọ́n fi ṣíwájú wa nígbà òtútù, bí ooru bá dé, aago wa dọ́gba. Ṣé torí wákàtí kan ni n óò ṣe ra ọwọ́ kẹrin?

Ọmọ ṣọ́ọ̀bù wá mú ti òmùwẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ yí òrùka rẹ̀. Mo yí i síwájú, kò lọ. Ẹ̀yìn nìkan ló gbà. Mo ní ṣé ó ti bàjẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní afẹ́fẹ́ tí òmùwẹ̀ gbé sẹ́yìn lópin, torí náà, kó tó wọ omi, á yí àmì orí òrùka náà kojú ọwọ́ ìṣẹ́jú, òrùka yẹn ni yóò máa fi iye ìṣẹ́jú tó ti lò hàn án. Bí òkúta bá wá gbá a lábẹ́ omi, tó sì yí, ẹ̀yìn ló máa yí sí. Ṣe ni yóò rò pé òun ti pẹ́ ju bí òun ṣe pẹ́ lọ, á tètè jáde. Kò lè tàn án láé pé àsìkò ṣì pọ̀.

Mo dákẹ́ lọ bí omi àmù. Àbẹ̀kẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn! Bí ọwọ́ bá máa ṣì, kó ṣì síbi tí aláìsàn kò ti ní kú. Rántí bí a bá so ẹ̀jẹ̀ mọ́ ẹnì kan, tí a gbọ́dọ̀ padà lọ wò ó bí ìṣẹ́jú 15 bá pé. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti fi báírò kọ àsìkò tí mo bẹ̀rẹ̀ sórí bébà ìnuwọ́ lóru, tí ẹnì kan á wá ká bébà náà jù sí gáábéèjì?

Mo san owó, mo so ó mọ́ ọwọ́ níbẹ̀. Mítà 200 ni wọ́n ní ó lè wọ omi dé, ti arìnrìn-àjò náà sì lè dé ibẹ̀, kì í ṣe tìtorí omi ni mo ṣe rà á. Inú agbada omi tí mo fi ń fọ ẹ̀wà ló jìn jù tí mo tíì mú un dé. Mo fi ka ìṣẹ́jú mọ́ínmọ́ín lánàá. Mo ń fi ṣọ́ ibi tí mo gbé mọ́tò sí lẹ́bàá ọjà kí wọ́n má baà já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Lóru, ojú rẹ̀ ń tàn bíi tanátaná, mo máa ń jí wò ó lásán. Ohun kan tó ń dùn mí ni pé kò ní déètì, èkejì ní in.

Bí ìwọ náà bá fẹ́ ra tìrẹ, má fi tèmi ṣe o. Ìwọ tó ń lọ sí Èkó ní gbogbo Disẹ́ńbà, tí wákàtí méje sì wà láàárín ìwọ àti Ìyá nígbà òtútù, oní-GMT ló tọ́ sí ọ. Mú olórùka pupa yẹn, kí n lè rí i lọ́wọ́ rẹ.

Màá pè ní Sọ́ńdè ọjọ́ 23, aago méjìlá ọ̀sán tiwa. Márùn-ún ni màá yọ lọ́tẹ̀ yìí. Gbé fóònù rẹ kó o tó wọ balùwẹ̀.

Èmi ni,
Dúpẹ́.